Eruku Tí Mo Yìn ní Oko Yèyé Olóje

Ẹ sún mọ́ra díẹ̀, kí àwọn tó wà lẹ́yìn rí ibi jókòó sí. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó gbé e mì títí n ó fi sọ̀rọ̀ tán, nítorí ìbéèrè ti sú mi láti ọjọ́ tí mo ti wọ Ẹgàn Ewé-ò-mì, ẹ ó sì gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Èmi ni Ọdẹ́jìmí, ọmọ ọdẹ, àtọmọdọ́mọ ọdẹ. Mo ti pa ẹfọ̀n tó fi ìwo ká mi mọ́ ìdí igi. Mo ti pàdé ẹkùn ní ojú ọ̀nà tóóró, a kí ara wa kú ìrìn, oníkálùkù sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ojú mi ti rí nínú ẹgàn, kò sí èyí tó dá mi lágara tó ìrìn àjò yìí, bẹ́ẹ̀ ni mi ò pa ẹyọ ẹran kan bọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fẹ́nìkan jẹ. Èmi tí mi ò tilẹ̀ rí ẹran pa, ẹ wo irú ìyà tí n óò máa rò.

Ìyá mi, Àyọ̀ká, ló rán mi níṣẹ́ náà. Oríkèé ara ń dùn ún: eékún, ìbàdí, ọrùn ọwọ́, kò sí ibi tí kò kàn. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ló ti máa ń se òdòdó ewé igbó pọ̀ mọ́ àdí, tí í fi pa ara, tí í sì kán díẹ̀ sínú ẹ̀kọ mu kó tó lọ sùn. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo mọ̀ pé ewé tí àwọn ìpátá ń fín lẹ́yìn ògiri ni, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bí ìpátá tó kọ́kọ́ fín in ni àwọn ìyá wa ti ń sè é. Èyí tí wọ́n ń gbìn nígbà náà ga ju òrùlé lọ, ewé rẹ̀ tín-ín-rín, kì í sì í kánjú. Òjò á bẹ̀rẹ̀, òjò á dá, ọyẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé kí òdòdó rẹ̀ tó pé. Bí ìyá mi bá ti mu ún, oorun a gbé e lọ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ara á sì tu gbogbo ilé.

Ẹni tó ba nǹkan jẹ́ ni Olúgbódi, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni tí wọ́n bí pẹ̀lú ìka mẹ́fà, tó sì gbà pé inú ìka tó lé yẹn ni ọgbọ́n àgbẹ̀ wà. Ó ti ìrìn àjò dé, ó mú irú ewé igbó kan bọ̀, kúkúrú, kì í pẹ́ lóko rárá. Ó gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá mi. Ó wá wo àwọn gíga wa, ó rí i pé akọ wà níbẹ̀, abo wà níbẹ̀, ó sì ní, "Akọ ìbẹ́pẹ kì í so, gígé là ń gé e. Kí ni akọ wọ̀nyí ń jẹ ilẹ̀ fún?" Ó fa gbogbo akọ tu. Kó tó ráyè dé ọ̀dọ̀ àwọn kúkúrú tirẹ̀, akọ wọn ti gbọn eruku dànù, atẹ́gùn sì ti gbé e lọ bá àwọn abo gíga tí kò ní ọkọ mọ́. Lọ́dún kejì, gbogbo ohun tó hù di àdàmọ̀dì. Ìyá mi mu nínú rẹ̀, dípò kó sùn, ó fi òru bá ògiri ṣẹjọ́, ó ní ewúrẹ́ ilé kejì ń sọ̀rọ̀ òun lẹ́yìn. Ìrora rẹ̀ kò sì lọ. Wọ́n ní ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú ba oorun. Ẹ jọ̀ọ́, kí la wá ń ṣe fún ìyá tó ní ọmọ òun ò ní sùn? Ó ń rù, ojú rẹ̀ ń jìn sínú, a sì ń wò ó.

Lọ́jọ́ kan ó pè mí. Ó ní, "Ọdẹ́jìmí, bàbá rẹ sọ fún mi pé Ẹgàn Ewé-ò-mì ni irúgbìn wa àtijọ́ ti wá. Lọ bá mi mú un bọ̀."

Mo ní, "Màmá, wọ́n ní ọdẹ tó bá wọ ibẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ̀."

Ó ní, "Ìwọ tí o ń sọ káàkiri pé ìwọ àti ẹkùn kí ara yín. Àbí irọ́ lò ń pa?"

Kí ni kí n wá sọ? Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo gbé ìbọn, mo wọ gbérí, ẹ̀wù ọdẹ mi, ó di ẹgàn.

N kò ní fi oúnjẹ tí mo jẹ àti ibi tí mo sùn sí dá yín dúró. Nígbà tí mo dé ibi tí ewé kò ti mì, tí ooru dúró sójú kan tí àwọn igi sì ń wo ara wọn, mo bá ẹ̀dá kan tó jókòó sáàárín ọ̀nà, ojú rẹ̀ wà ní eékún, ikùn rẹ̀ sì dí ọ̀nà láti igi dé igi. Mo ní, "Ẹ ǹlẹ́ o, baba." Ó ní, "Ta lò ń kí?" Mo ní, "Ẹ̀yin ni." Ó ní, "Báwo lo ṣe mọ̀ pé èmi ni?" Mo ní mo fẹ́ kọjá. Ó ní, "Kí ló wà lẹ́yìn mi tí kò sí níwájú mi?" Mo ní irúgbìn ni mo ń wá. Ó ní, "Èwo ló ṣáájú nínú irúgbìn àti igi?" Mo ní igi. Ó ní, "Ta ló gbìn ín?" Ohun tí mo wá ṣàkíyèsí ni pé bí mo bá ti dá a lóhùn, ikùn rẹ̀ á tún fẹ̀ sí i, ọ̀nà á tún dí sí i. Èmi ọdẹ apẹfọ̀n dúró níbẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lórí mi tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mi, mò ń dáhùn bí ọmọ tí wọ́n ká ẹran ọbẹ̀ mọ́ lọ́wọ́. Nígbà tó wá bi mí pé kí ló dé tí imú mi fi wà láàárín ojú méjèèjì, sùúrù mi tán. Mo ní, "Ta ló tilẹ̀ bí ìwọ yìí ná, tí kò kọ́ ẹ nílé?"

 Ó ní, "Ta ló bí mi?" Ó fi ọwọ́ lérán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó, ikùn rẹ̀ sì ń sún kì títí ọ̀nà fi ṣí. Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo lọ. Mo kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ pé ẹni tí kì í dáhùn, ìbéèrè ni kí a fún un jẹ.

Mi ò rìn jìnnà tí òórùn kan fi pàdé mi, bí ọsàn wẹ́wẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rí oko. Ewé igbó gíga, irú èyí tí mo mọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, ó dúró lẹ́sẹẹsẹ, òdòdó rẹ̀ gùn tó apá èèyàn. Obìnrin kan dúró láàárín rẹ̀, ó ga tó wọn, irun rẹ̀ balẹ̀, oje sì ń dán lára irun náà débi pé kòkòrò àti labalábá lẹ̀ mọ́ ọn. Yèyé Olóje lorúkọ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀.

Ó ní, "Kí lo wá jí?"

Mo ní, "Yèyé, n kì í ṣe olè. Ọdẹ ni mí."

Ó ní, "Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀? Ẹran tí o ń pa, ìwọ lo bí i?"

Mo gbé ọ̀rọ̀ ìyá mi kalẹ̀ pátá, mo tọrọ irúgbìn díẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà bí ẹni pé mo tutọ́ sínú ọbẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Hóró? Nínú oko èmi? Hóró ni àbùkù òdòdó. Èyí tó bá ti lóyún, oje rẹ̀ á gbẹ, òórùn rẹ̀ á kú. Láti ìgbà tí mo ti lé ọkọ mi, kò sí òdòdó kan tó lóyún níhìn-ín."

Mo ní, "Kí lẹ wá ń gbìn lọ́dọọdún?"

Ó gbé kèrègbè kan wá. Ó ní ìyá ọkọ òun ló fi hóró kún un fún òun lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àti pé kì í tán. Mo gbà á, mo mì í. Ìwọ̀nba tó ń dún ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò lè kún ìkúùkù. Mo ní, "Yèyé, ó ti fẹ́ tán." Ó ní, "Ọ̀rọ̀ àlejò nìyẹn." Ó sì gba kèrègbè rẹ̀. Wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Bí Yèyé bá gbin ìkúùkù hóró yẹn tán, irú ewé náà parí láyé nìyẹn, ti ìyá mi náà sì parí. Mo fẹ́ pariwo, ṣùgbọ́n oko rẹ̀ ni, ó sì ga jù mí lọ.

Àdéhùn tí a ṣe ni pé kí n máa bá a fa akọ tu títí di ìkórè, yóò sì fún mi ní apẹ̀rẹ̀ òdòdó kan. Mo rò ó pé èyí á mú ìyá mi sùn fún ìgbà díẹ̀, bí n kò bá rí ọgbọ́n mìíràn dá. Irú iṣẹ́ yẹn, ẹ má gbàdúrà pé kó bá ọ̀tá yín. Ní gbogbo àárọ̀, Yèyé á máa lọ láti ìdí ewé igbó kan sí èkejì, á tẹ imú mọ́ oríkèé ewé. Bó bá rí irun funfun méjì tó yọ jáde, abo nìyẹn, á fọwọ́ pa á lórí. Bó bá rí kókó kékeré tó rọ̀, akọ nìyẹn, á ní, "Ọdẹ, yọ ọ́ kúrò lójú mi." Bí mo bá fà á tu, mo gbọ́dọ̀ rù ú kọjá odò lọ dànù. Bí mo bá padà, mo gbọ́dọ̀ wẹ̀, kí n fọ gbérí mi, nítorí omi ní í pa eruku akọ. Lẹ́yìn náà ni yóò gbóòórùn mi, inú etí, abẹ́ èékánná, abẹ́ fìlà. Èmi tí ẹfọ̀n ń sá fún, obìnrin ń fi imú tú ara mi wò láràárọ̀. Ìbọn mi nìkan ni kì í sún mọ́, ó ní òórùn ẹ̀tù ń fún òun ní èébì.

Òdìkejì odò yẹn ni mo ti bá ọkọ rẹ̀ pàdé. Baba Eléruku ń he gbogbo akọ tí a dànù, ó ń tún wọn gbìn sínú ẹrọ̀fọ̀, ibẹ̀ sì pọ́n rúsúrúsú látòkè délẹ̀. Òun náà pọ́n, títí dé ìpéǹpéjú. Kò lè sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta kó má sín.

Ó ní, "Ṣé ó máa ń," ó sín, "bèèrè mi?"

Mo ní, "Rárá, baba."

Ó ní, "Ara rẹ̀ ń," ó sín, "le?"

Mo ní, "Ó le ju tèmi lọ."

Kó tó sọ ìdí ìjà wọn tán, ẹsẹ̀ ti kú mọ́ mi lábẹ́, nítorí sísín náà pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Ó ní òun sọ pé òun lòun ni hóró, ìyàwó òun sì sọ pé ẹni tó lóyún rẹ̀ ló ni ín. Atẹ́gùn tó jẹ́ alárinà wọn wá bá wọn parí rẹ̀, àwọn méjèèjì pa ìjà tì, wọ́n pawọ́ pọ̀ bú Atẹ́gùn. Atẹ́gùn bínú lọ, kò sì padà wá mọ́. Ìdí nìyẹn tí ewé kò fi mì ní gbogbo ẹgàn yẹn. Mo wò ó, mo ní nínú ara mi pé nítorí ẹnu tọkọtaya kan ni ìyá mi kò ṣe sùn.

Ó ní, "Bá mi gbé eruku mi," ó sín, "kọjá."

Mo ní, "Baba, abẹ́ èékánná ló ń gbóòórùn."

Ó ní, "Kí ni ìwọ ní," ó sín, "tí òun kì í gbóòórùn?"

 Mo wo ìbọn mi. Òun náà wò ó. Ẹ ò ní mọ bí inú mi ti dùn tó, nítorí láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, ìbéèrè kan ṣoṣo tó ní láárí nìyẹn. Mo bu ẹ̀tù díẹ̀ sẹ́nu ìbọn, mo fi èkísà dí i pinpin, Baba Eléruku sì gbọn ara lé e títí ó fi kún dé ẹnu. Ó ń sunkún bó ṣe ń gbọn ọ́n. Ó ní kí n bá òun kí ìyàwó òun.

Lọ́jọ́ kejì, Yèyé Olóje rí ọ̀kẹ́rẹ́ kan tó ń gé ẹ̀ka jẹ lókè. Ó ní, "Ọdẹ, àbí kí ni ìwúlò rẹ?" Mo ní, "Ẹ fi ọwọ́ di etí, Yèyé." Mo gbé ẹnu ìbọn sókè, mo yìn ín. Eruku rúsúrúsú bo gbogbo ojú oko. Nítorí pé atẹ́gùn kò sí, kò lọ síbì kankan, ó rọra ń balẹ̀, ó ń bà lé òdòdó kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kẹ́rẹ́ sín, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Yèyé ń wúkọ́, ó ní, "Irú ẹ̀tù wo lò ń lò yìí?" Mo ní, "Ẹ̀tù àjogúnbá ni." Láti ìgbà tí irùngbọ̀n ti hù lágbọ̀n mi ni mo ti ń yìnbọn, ìyẹn nìkan ni ọjọ́ tí mo yìn ín tí ohun tó bà fi lóyún.

Mo wá dúró. Irun funfun orí òdòdó rọ, ó di pupa, ó sún kì, ìdí rẹ̀ sì ń wú. Lójoojúmọ́ ni Yèyé ń sọ pé òórùn oko òun ń rẹ̀wẹ̀sì, lójoojúmọ́ ni mo ń sọ pé bóyá ọ̀fìnkìn ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àṣírí oyún kì í pẹ́ tú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó já òdòdó kan, ó fún un láàárín ìka, hóró tútù funfun sì bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó wo hóró náà. Ó wo ìbọn mi.

Mo ti ń sáré kó tó yíjú. Mo ṣẹ́ ẹ̀ka kan lójú ìsáré, ẹ̀ka kan péré tó kún fún òdòdó, mo gbé e mọ́ àyà. Irun Yèyé bá mi ní ẹ̀yìn, ó lẹ̀ mọ́ gbérí mi, ó ń fà mí padà, bí mo bá fa ẹsẹ̀ kan síwájú, èkejì á lọ sẹ́yìn. Mo bọ́ gbérí tí mo jogún lọ́wọ́ baba mi sílẹ̀ fún un, mo bẹ́ sódò ní ìhòòhò àyà, mo na ẹ̀ka sókè kí omi má kàn án. Baba Eléruku dúró ní bèbè kejì. Yèyé kò wo ẹ̀yìn mi mọ́, ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Ó ní, "Ìwọ lo ṣe mí báyìí." Baba Eléruku ní, "Èmi kọ́, ọdẹ ni," ó sín, "ṣùgbọ́n èmi ni mo ni hóró." Yèyé ní, "Ta ló lóyún rẹ̀?" Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n fi í sí. Nígbà tí mo rìn jìnnà díẹ̀, mo rí i tí ewé kan mì lókè, èkejì náà mì. Mo mọ̀ pé Atẹ́gùn ti gbọ́ ohùn wọn, ó sì ń bọ̀ wá gbọ́ ẹjọ́. N kò dúró kí i.

Bí mo ti délé, Olúgbódi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ onímẹ́fà. Ó ní kí a yọ hóró náà kí a gbìn ín lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní rárá, kí a se òdòdó náà fún Màmá, ṣé a kò rí bó ti rù ni. Mo wo ìyá mi. Nígbà tí mo lọ, ó ń fi ọ̀pá rìn. Nígbà tí mo dé, ẹni méjì ló ń gbé e dìde. Mo ní, "Màmá, bí a bá sè é, ẹ ó sùn lónìí. Ṣùgbọ́n hóró inú rẹ̀ kò tí ì gbó. Bí a bá so ó rọ̀ tí ó gbẹ díẹ̀díẹ̀ lára ẹ̀ka, àwọn kan lè gbó."

 Ó ní, "Ẹ so ó rọ̀ sínú yàrá mi. Mi ò kúkú ń sùn. N ó máa ṣọ́ ọ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ṣọ́ ọ lóòótọ́. Eku kò gbójú wọ ibẹ̀. Olúgbódi á wá, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á ní, "Màmá, kí n kàn fojú kàn án ni." Ìyá mi á ní, "Fojú kàn án láti ibi tí o dọ̀bálẹ̀ sí yẹn." Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ìyá mi ń jẹ̀rora, ó ń kérora, oògùn rẹ̀ ń rọ̀ lókè orí rẹ̀, kò sì já ewé kan nínú rẹ̀. Nígbà tí hóró dúdú, tó ní àwọ̀ ẹkùn lára, òun ló kó o fún mi. Mo gbìn ín sí ibi tó jìnnà sí ti Olúgbódi. Nígbà tí akọ àti abo yọjú, ìyá mi ní kí a gbé òun lọ sóko lórí àga, ó gbé ọ̀pá lé itan, ó ní kí ẹnikẹ́ni tó ní ọ̀rọ̀ ìbẹ́pẹ sọ wá bá òun sọ ọ́ níbẹ̀.

Ọyẹ́ dé kí òdòdó tó pé. Ó se é mọ́ àdí fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnì kan bá a rò ó. Ó fi pa eékún, ó kán an sínú ẹ̀kọ, ó sì dùbúlẹ̀ sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Kò pẹ́, ilé dákẹ́. Kò sẹ́ni tó ń kérora, kò sẹ́ni tó ń bá ewúrẹ́ jà. Ara mi kò balẹ̀. Mo lọ tẹ̀ ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ sí imú rẹ̀ kí n mọ̀ bóyá ó ń mí. Mo kúrò níbẹ̀, mo tún padà. Nígbà tí mo tún padà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó la ojú kan. Ó ní, "Ọdẹ́jìmí, o lọ sí Ẹgàn Ewé-ò-mì lọ bá mi wá oorun, o wá bọ̀ tán, o kò jẹ́ kí n sùn ún. Kí ló ń ṣe ọ́ gan-an? Dìde níbẹ̀."

Mo dìde. Mo lọ jókòó sábẹ́ igi níta, mo sì sunkún, n kò ní purọ́ fún yín. Olúgbódi ló wá bá mi níbẹ̀, ó pariwo pé kí ló dé, ṣé Màmá kò sí mọ́ ni. Mo ní kó rọra sọ̀rọ̀, ìyá wa ń sùn.